Àbádòfin tí a mọ̀ pé kò ní di òfin: kí ni ó ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́?

Akọ̀ròyìn Garki

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Iṣẹ́ mi ni láti máa jókòó sí àyè àwọn oníròyìn ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ níhìn-ín ní Abuja. Mo ti rí ọ̀pọ̀ àbádòfin tí wọ́n kà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ẹni tí ó gbé e wá ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, tí a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́ ni mo fẹ́ kí a fi yẹ irú ìṣe bẹ́ẹ̀ wò, nítorí pé ó wọ́pọ̀ níbẹ̀ gan-an, pàápàá ní Amẹ́ríkà.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, Ilé Aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà fi ìbò 218 sí 211 gba àbádòfin kan wọlé tí ì bá sọ ẹ̀tọ́ láti ṣẹ́yún di òfin káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Gbogbo ẹni tí ó mọ bí Ilé Aṣòfin Àgbà wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ó mọ̀ pé ìbò 60 ni wọ́n nílò níbẹ̀ kí wọ́n tó lè fòpin sí àríyànjiyàn, wọn kò sì ní in. Síbẹ̀ wọ́n gbé e wá ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2022, ó kùnà pẹ̀lú ìbò 46 sí 48. Wọ́n tún gbé e wá ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún, ó tún kùnà, 49 sí 51. Ẹ má sì rò pé apá kan ṣoṣo ni ó ń ṣe é. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, àwọn tí wọ́n lòdì sí oyún ṣíṣẹ́, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àkóso Ilé Aṣojú-ṣòfin, fi 220 sí 210 gba àbádòfin wọlé lórí ọmọ tí wọ́n bá bí láàyè lẹ́yìn tí wọ́n gbìyànjú láti ṣẹ́ oyún rẹ̀. Òfin kan sì ti wà láti ọdún 2002 tí ó ka irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí ènìyàn, wọ́n sì mọ̀ pé Ilé kejì kò ní fọwọ́ kan tiwọn.

Lójú tèmi, ojú ayé ni gbogbo rẹ̀, ìpolongo ìbò tí wọ́n ń fi owó ìlú ṣe. Ohun tí ó ń bí mi nínú ni pé olùdìbò á gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti gba òfin wọlé, á sì gbà pé nǹkan ti yí padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i, ṣùgbọ́n ẹ má bú ara yín. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wà nínú rẹ̀.

Agbẹjọ́rò Gwarinpa

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo gbà pé ojú ayé wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ibẹ̀ ni ó parí sí. Ẹ wo òfin tí Amẹ́ríkà fi de ọ̀nà kan tí àwọn dókítà ń gbà ṣẹ́ oyún tí ó ti dàgbà. Ààrẹ Clinton kọ̀ láti bu ọwọ́ lù ú ní 1996, ó tún kọ̀ ní 1997. Nígbà náà, ohun tí ẹ̀gbọ́n wa ń sọ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ, pé àwọn aṣòfin ń fi àkókò ṣòfò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2003, Ààrẹ Bush bu ọwọ́ lù ú, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ sì fọwọ́ sí i ní 2007. Gbogbo ìbò tí ó ti kùnà ṣáájú ni ó kọ orúkọ àwọn aṣòfin sílẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ibi tí ó dúró sí, èyí sì ni àwọn olùdìbò ń gbé lọ sí ibi ìbò tí ó tẹ̀ lé e.

Èyí tí ó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ ni àwọn òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀ de ọjọ́ iwájú. South Dakota ṣe tirẹ̀ ní 2005, Louisiana ní 2006, nígbà tí ìdájọ́ Roe ti ọdún 1973, tí ó sọ oyún ṣíṣẹ́ di ẹ̀tọ́ káàkiri Amẹ́ríkà, ṣì dúró gbọn-in-gbọn-in: wọ́n kọ ọ́ pé bí ilé ẹjọ́ bá yí ìdájọ́ náà padà, oyún ṣíṣẹ́ di èèwọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ta ni ì bá pe ìyẹn ní iṣẹ́ gidi lọ́jọ́ náà? Nígbà tí ó fi di ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 2022, tí ilé ẹjọ́ yí i padà, ìpínlẹ̀ 13 ni ó ti ní irú òfin bẹ́ẹ̀ nílẹ̀. Ní Arizona, òfin ọdún 1864 tí ó de oyún ṣíṣẹ́ ni ilé ẹjọ́ wọn hú jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2024 tí ó ní ó ṣì lágbára, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọdún 1912 ni Arizona tó di ìpínlẹ̀. Àwọn aṣòfin ibẹ̀ ní láti sáré pa á rẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ pé òfin tí kò ṣiṣẹ́ lónìí kò lè mú ẹnikẹ́ni lọ́la.

Nọ́ọ̀sì Barnawa

Ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Èmi kò mọ òfin tó yín, ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ibi tí irú ìkéde bẹ́ẹ̀ máa ń dé.

Ní oṣù keje ọdún 2022, ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Kaduna ni mo wà. Wọ́n gbé obìnrin kan wá lẹ́yìn ìrun Iṣáì. Oyún oṣù mẹ́ta ti wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wálẹ̀ tán, ẹ̀jẹ̀ sì ń ro láti etí ibùsùn sórí ilẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe kò le: siríǹjì ńlá oníke tí a fi ń fa ìyókù jáde wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Dókítà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní òun kò ní fọwọ́ kàn án. Ó ní òun gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba ti fagi lé ọ̀rọ̀ oyún, pé kí ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ lọ gba ìwé wá láti àgọ́ ọlọ́pàá láti fi hàn pé kì í ṣe pé wọ́n ṣẹ́ ẹ. Ọkọ náà, tí ó ń wa kẹ̀kẹ́ Màrúwá, kò tilẹ̀ mọ ohun tí dókítà ń sọ. Ó kàn ń wo ojú mi. Ìgbà tí mátírọ́nì ti ilé dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà ni a tó ṣe é, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ààjìn. Páìǹtì ẹ̀jẹ̀ méjì ni wọ́n fà sí i lára. Ó yè.

Ohun tí rédíò sọ ni pé ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá ìwé ìtọ́sọ́nà kan dúró. Èkó ni o, kì í ṣe Kaduna. Kò sì sí abala òfin kan ṣoṣo tí ó yí padà, yálà ní Èkó tàbí lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yin pè é ní ojú ayé. Obìnrin yẹn fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ sanwó rẹ̀.

Ọmọ Òkun Lokoja

Màmá Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á fún yín ní okun. Ẹ jẹ́ kí n fi bí ti Èkó ṣe rí kún un, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ọ́n dáadáa.

Òfin ìwà ọ̀daràn tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 gba dókítà láàyè láti dá sí oyún nítorí ẹ̀mí ìyá àti ìlera ara rẹ̀. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2022 kò fi nǹkan kan kún òfin yìí. Ó kàn ṣàlàyé fún dókítà àti nọ́ọ̀sì ìgbà tí òfin gbà wọ́n láàyè àti bí wọ́n ṣe lè ṣe é láìpa ènìyàn. Ariwo sọ, àwọn ìjọ kan fárígá, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 7 oṣù keje, Gómìnà Sanwo-Olu ti pàṣẹ pé kí wọ́n dá a dúró. Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìlera ti ìjọba àpapọ̀ ti ṣe irú ìwé kan náà ní 2018, kò sí ẹni tí ó pariwo. N kò rí ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà ju pé ti 2022 bọ́ sí àsìkò tí ìdájọ́ Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí ọdún ìbò sì ń bọ̀ lọ́nà.

Ní Imo, ó ju ìwé ìtọ́sọ́nà lọ. Ilé Aṣòfin wọn ṣe òfin lórí ìwà ipá ní 2012, abala kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ní ó ṣí ilẹ̀kùn fún oyún ṣíṣẹ́, Gómìnà Okorocha sì mú kí wọ́n fagi lé e ní 2013. Ẹ tún rántí pé ní 1981 ni àwọn dókítà aboyún ti ilẹ̀ wa ti àbádòfin kan lẹ́yìn láti mú òfin náà rọ̀, tí àwọn aṣojú-ṣòfin sì dà á nù. Láti ìgbà náà, mo rò pé àṣehàn tí a mọ̀ jù ní Nàìjíríà ni kí a yọwọ́ nínú nǹkan. Aṣòfin Amẹ́ríkà ń gba ìyìn nípa gbígbé àbádòfin wá. Tiwa ń gbà á nípa yíyára sá fún un.

Alfa Sabon Gari

Àsàlámù àlékùn, ẹ̀yin ará mi. Láti Kano ni mo ti ń kọ èyí. Ó dùn mí pé ẹ ń fojú tẹ́ńbẹ́lú òfin tí ó ń sọ ohun tí àwùjọ kà sí rere, bí ẹni pé òfin tí kò bá mú ènìyàn sẹ́wọ̀n kì í ṣe òfin. Orí kejì ìwé òfin wa ti 1999 kún fún ohun tí ìjọba gbọ́dọ̀ máa lépa, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó lè tìtorí rẹ̀ nìkan gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́. Ṣé kí a fà á ya ni? Bí aṣòfin bá dìde tí ó ní ẹ̀mí inú oyún níyì, bí kò tilẹ̀ rí ìbò tó, ó ti kọ́ ọmọ kékeré kan ní nǹkan.

Kí ó má baà dà bí ẹni pé mo ń fi ẹ̀sìn bo ẹnu obìnrin: láàárín àwọn onímọ̀ wa, lẹ́yìn ọjọ́ 120 tí a ti fẹ́ ẹ̀mí sí ọlẹ̀, wọn kò gba ṣíṣẹ́ rẹ̀ láàyè àfi bí ẹ̀mí ìyá bá wà nínú ewu. Ohun tí ó ṣáájú ọjọ́ náà ni wọ́n ń jiyàn lé lórí, àwọn onímọ̀ ìlànà Màlíkí tí à ń tẹ̀ lé níhìn-ín sì le nínú rẹ̀. Nítorí náà, dókítà tí Nọ́ọ̀sì sọ nípa rẹ̀ yẹn, ẹ̀sìn kò rán an níṣẹ́. Ẹ̀rù ni ó rán an.

Agbẹjọ́rò Gwarinpa

Alfa, mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yín, pàápàá èyí tí ẹ sọ gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín nípa Ireland. Ní 1983, oyún ṣíṣẹ́ ti jẹ́ ọ̀daràn níbẹ̀ láti ìgbà òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1861. Wọ́n sì tún dìbò láti kọ ọ́ sínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè pé ẹ̀tọ́ ọmọ inú àti ti ìyá sí ẹ̀mí dọ́gba. Ìkéde ohun tí àwùjọ kà sí rere náà ni, bí ẹ ṣe wí. Ní 2012, obìnrin dókítà eyín kan tí ó ti Íńdíà wá wà ní ilé ìwòsàn ní Galway, oyún rẹ̀ ti ń bàjẹ́, gbogbo wọn sì mọ̀ pé ọmọ náà kò ní yè. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n parí rẹ̀, wọ́n kọ̀ nítorí pé ọkàn ọlẹ̀ náà ṣì ń lù. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó àrùn, ó kú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ìdá 66.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n dìbò ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò. Bí a bá kọ gbólóhùn sínú òfin láìkọ ohun tí dókítà yóò ṣe ní aago méjì òru, dókítà ni yóò túmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ohun tí yóò sì gba òun là kúrò lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n ni yóò kọ́kọ́ rò.

Ìyá Ìbejì Kubwa

Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mo ń tà ní Wuse, mo sì ń ka gbogbo rẹ̀ bọ̀. Faransé náà ńkọ́? Mo rí i lórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù kẹta ọdún 2024, tí àwọn aṣòfin wọn kóra jọ sí Versailles, tí wọ́n fi ìbò 780 sí 72 kọ òmìnira obìnrin láti ṣẹ́yún sínú ìwé òfin, tí ariwo ayọ̀ sì gba gbogbo Paris. Ọmọ mi obìnrin ní láti 1975 ni òfin ti gbà wọ́n láàyè níbẹ̀. Kí ni wọ́n wá ń jó fún? Alágbára tí ó ní ìbò 780 ń ṣe ìlérí ohun tí kò sí ẹni tí ó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn jọ oníṣọ̀ọ́bù tí ó na aṣọ síta fún ìran tí kò sì fẹ́ tà á. Mo rí i lẹ́yìn náà pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni ó dẹ́rù bà wọ́n. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a padà sílé: obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ ní Kubwa lónìí, tí ó sì lóyún, kí ni òfin Abuja sọ?

Agbẹjọ́rò Gwarinpa

Ìyá Ìbejì, ìbéèrè yín ni ó yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀.

Ní Abuja, Penal Code, ìyẹn ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Àríwá, ni ó ń ṣiṣẹ́. Abala 232 rẹ̀ ní ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ mú kí oyún obìnrin bàjẹ́ lè lọ sẹ́wọ̀n títí di ọdún 14, tàbí kí ó san owó ìtanràn, tàbí méjèèjì, àfi bí ó bá fi ọkàn òtítọ́ ṣe é láti gba ẹ̀mí obìnrin náà là. Wọ́n ṣàlàyé lábẹ́ rẹ̀ pé òfin náà mú obìnrin tí ó bá ṣe é fún ara rẹ̀. Ẹ̀mí nìkan ni o. Kò sọ ìlera, kò sọ ìfipábánilòpọ̀.

Ní 2015, Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ ṣe òfin tí ó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, Ààrẹ Jonathan sì bu ọwọ́ lù ú ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ fún ohun tí ó ju ọdún mẹ́wàá lọ. Abala 47 rẹ̀ ní Abuja nìkan ni ó kàn. Abala 38 ṣèlérí fún ẹni tí wọ́n bá ṣe níkà pé yóò rí ìtọ́jú ìṣègùn tí ó péye gbà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ti ọkàn àti ti òfin. Ìlérí tí ó dùn létí ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọbìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ bá lóyún, tí ó wá bèèrè ìtọ́jú tí ó péye, abala 232 dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n ọdún 14, nítorí pé àwọn tí wọ́n kọ ìlérí náà kò fọwọ́ kan abala yẹn. Àwọn aṣòfin kan náà sì ni. Nínú gbogbo ohun tí a ti kà láti òkè, èyí ni mo pè ní àṣehàn jùlọ, nítorí pé kò kùnà. Ó di òfin, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ó sì fi ibi tí ó nira jùlọ sílẹ̀ láìdárúkọ rẹ̀.

Ìwé Maputo, ìyẹn àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin ní Áfíríkà, náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fẹnu kò sí i ní 2003, Nàìjíríà sì fọwọ́ sí i ní 2004. Abala 14 rẹ̀ dárúkọ ìfipábánilòpọ̀, ìbálòpọ̀ láàárín ìbátan, àti ewu sí ìlera ìyá gẹ́gẹ́ bí ìdí tí ó fi yẹ kí wọ́n gba oyún ṣíṣẹ́ láàyè. Ṣùgbọ́n abala 12 ìwé òfin wa ní àdéhùn kò lè di òfin àfi bí Ilé Aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí wọn kò sì tí ì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi kókó kan kún un tí àwọn ará Abuja sábà máa ń gbàgbé. Àwọn ìpínlẹ̀ ni wọ́n ni òfin ìwà ọ̀daràn irú èyí, nítorí náà sẹ́nétọ̀ tí ó bá ń pariwo oyún ní Abuja kò lè yí òfin Kano tàbí ti Kwara padà. Ṣùgbọ́n Abuja kò ní ilé aṣòfin mìíràn. Abala 299 ìwé òfin wa fi agbára náà lé Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ lọ́wọ́. Nípa obìnrin Kubwa, sẹ́nétọ̀ 109 àti aṣojú-ṣòfin 360 yẹn kò lè sọ pé àwọn kò ní agbára.

Alfa Sabon Gari

Agbẹjọ́rò, ẹ ṣeun. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ní ẹ̀sùn tèmi náà, àwọn tí wọ́n wà ní apá tèmi sì ni mo fi ń kàn. Òfin Ìlera ti 2014 ní kí wọ́n máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ ìjọba fún ìtọ́jú alábọ́dé, tí ìtọ́jú aboyún wà nínú rẹ̀. Ọdún 2018 ni owó náà tó kọ́kọ́ wọ inú ìṣúná. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, mélòó nínú àwọn aṣòfin tí wọ́n ń búra pé àwọn kò ní gba oyún ṣíṣẹ́ láàyè ni ẹ gbọ́ tí ó dìde bèèrè owó náà? Ẹni tí ó bá ní òun fẹ́ràn ọmọ inú, kí ó san owó agbẹ̀bí.

Ṣùgbọ́n n kò gbà pé kí wọ́n fi ìfipábánilòpọ̀ kún abala 232. Ẹ má tìtorí pé mo bá àwọn ènìyàn mi wí, kí ẹ rò pé mo ti yí padà.

Nọ́ọ̀sì Barnawa

Alfa, a kò fohùn ṣọ̀kan níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni èyí tí ó kéré jù tí mo ti tọ́jú, n kò sì ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ níhìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin jọ bèèrè ni pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kedere, lédè Yorùbá, Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbogbo ilé ìwòsàn, pé títọ́jú obìnrin tí oyún rẹ̀ ti bàjẹ́ kì í ṣe ọ̀daràn. Ìyẹn kò gba àbádòfin.

Akọ̀ròyìn Garki

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. N kò ní sọ pé Agbẹjọ́rò ti yí mi lọ́kàn padà nípa Amẹ́ríkà. Mo ṣì rí ìpolongo ìbò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ìbéèrè mìíràn ni n óò máa bi aṣòfin tí ó bá gbé àbádòfin oyún wá, yálà ó fẹ́ kí òfin le sí i tàbí kí ó rọ̀: abala wo nínú òfin tí ó ti wà nílẹ̀ ni ẹ ń yí padà, ta ni yóò sì san owó rẹ̀? Agbẹjọ́rò, bí ẹnì kan bá gbé àtúnṣe abala 232 wá fún Abuja, ṣé ará ìlú lè sọ̀rọ̀ níbi ìgbọ́ràn ìta gbangba?

Agbẹjọ́rò Gwarinpa

Bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn kíkà kejì, tí wọ́n bá ti gbé e fún ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ náà lè kéde ọjọ́ ìgbọ́ràn kí ó sì gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ orúkọ yín, ẹ kọ abala tí ẹ ń sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Alfa Sabon Gari

Bí ọjọ́ náà bá dé, ẹ fi tó mi létí. N óò wọkọ̀ wá láti Kano láti wá takò ó lójú yín, n óò sì mú ìwé ti owó agbẹ̀bí dání.